Àtíkè Aláwọ̀ Idẹ Lára Ẹni Pupa: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ṣeré rí. Bí ènìyàn bá dúdú tí ara rẹ̀ ń dán, adúmáadán ni a ó pè é. Bí ó bá pupa, apọ́nbéporé ni, ẹni tó pọ́n bí epo. Oríkì ni méjèèjì, ìyìn sì ni méjèèjì. Ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pọ́bẹ̀, ní Àjàṣẹ́, títí dé Atakpamé lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Tógò, ilé kan náà lè bí adúmáadán kí ó tún bí apọ́nbéporé, láti inú ìyá kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì bèèrè ìdí.

Nǹkan ti yí padà lóde òní. Ọmọbìnrin tó pupa láti inú ìyá rẹ̀ wá ń gbé ẹ̀sùn kiri, wọ́n ní ó ń bóra. Èyí tó dúdú ń wá ọ̀nà tí yóò fi pupa. Láàárín àwọn méjèèjì, ìgò, ike àti páálí oríṣiríṣi ti kún ọjà, láti Dantokpa ní Kútọnu títí dé Ouando ní Àjàṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a ń rí níbẹ̀ ni àtíkè tí àwọn Faransé ń pè ní poudre bronzante. Nítorí pé àwọ̀ idẹ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àtíkè aláwọ̀ idẹ ni àwa yóò máa pè é níhìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bèèrè bóyá ó yẹ ẹni pupa, àti bí a ṣe lè lò ó tí ojú kò fi ní dà bí ojú ẹni tó ṣubú sínú erùpẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn tó kún, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ń ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́ àti ohun tó ń ba ara jẹ́ lè fi owó ara rẹ̀ ra àìsàn.

Kí ni àtíkè yìí?

Àtíkè lásán ni, tí a fi àwọ̀ sí. Òkúta tó rọ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe àtíkè ọmọdé, ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì ń pò ó mọ́ àwọn èròjà tó ń fún un ní àwọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn èròjà náà ni oxyde de fer, ìyẹn irin tó ti dípẹtà. Ohun kan náà ló sọ ilẹ̀ Kétu di pupa. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà oko ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku pupa sì bà lé e lẹ́sẹ̀, ti mọ ìbátan àtíkè yìí. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ike pẹlẹbẹ. Wọ́n sì tún máa ń ṣe é ní ìpara tàbí ní olómi.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún ojú ní àwọ̀ ẹni tí oòrùn fọwọ́ kàn díẹ̀, láìjẹ́ pé ó jókòó sínú oòrùn. Kò wọ inú ara, kò yí awọ padà. Bí alẹ́ bá lẹ́, omi àti ọṣẹ yóò fọ̀ ọ́ kúrò, ojú tí Ọlọ́run dá yóò sì tún hàn. Kí òǹkàwé wa fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sórí rẹ̀.

Bí àwọn Òyìnbó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọ̀ oòrùn

Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, awọ funfun ni àmì ọlá. Àgbẹ̀ ni oòrùn máa ń pa. Ìyàwó olówó a máa lo agbòòrùn, a sì máa fi àtíkè funfun kun ojú. Nígbà tí iṣẹ́ wá kúrò nínú oko lọ sínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ ni kò rí oòrùn mọ́, ọlọ́rọ̀ ló sì ń ráàyè lọ sí etí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni àmì ọlá ṣe yí padà. Ní àárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn obìnrin tó gbajúmọ̀ bíi Gabrielle Chanel, aránṣọ ńlá ìlú Paris, sọ ara tí oòrùn ti pa di ohun àṣà. Ní ọdún 1936, ìjọba Faransé ṣe òfin tó fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì tí a ń sanwó fún, àwọn mẹ̀kúnnù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí etí òkun. Ní ọdún 1984, ilé Guerlain gbé àtíkè kan jáde tí wọ́n pè ní Terracotta, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí a fi iná sun. Láti ìgbà náà ni irú àtíkè yìí ti gbilẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn rí i pé oòrùn tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń yá kò ṣe wọ́n ní oore. Ní ọdún 2009, àjọ tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ ara di aláwọ̀ oòrùn mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ oòrùn láìfẹ́ àrùn rẹ̀, àtíkè ló kù fún un.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ní Paris, wọ́n ń náwó kí wọ́n lè jọ ẹni tó dúdú díẹ̀. Ní Kútọnu àti ní Lomé, àwa ń náwó kí a lè pupa. Wọ́n ti sọ fún ìhà méjèèjì pé àwọ̀ tí a bí wọn mọ́ kò tó. Ẹni tó ń ta ọjà nìkan ló ń jèrè lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Àwa náà ní osùn

Kí páálí tó dé ni ọ̀ṣọ́ ti wà. Àwọn ìyá wa ń gé igi irosùn, wọ́n ń lọ inú rẹ̀ tó pọ́n lórí ọlọ, wọ́n ń fi omi tàbí òrí pò ó, wọ́n sì ń fi kun ara ọmọ tuntun, ìyá ọlọ́mọ àti ìyàwó tuntun. Àwọn kan ń lé làálì sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wọ́n sì ń lé tìróò sí ojú. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tí wọ́n fi ń bó awọ. Osùn a máa mú kí ara adúmáadán tàn, a sì máa mú kí ti apọ́nbéporé jinlẹ̀ sí i. Àwọ̀ oòrùn tí Guerlain fi sínú ike ní ọdún 1984 kò jìnnà sí èyí tí ìyá ìyá wa ti ń pò nínú igbá. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó bá lo àtíkè aláwọ̀ idẹ kò ṣe ohun àjèjì. Ohun tó kù ni pé kí ó mọ̀ ọ́n lò.

Bí a ṣe ń yàn án

Ẹni pupa ní láti ṣọ́ra ju ẹni dúdú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àṣejù kì í fara pamọ́ lára rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó mọ irú pupa tí òun jẹ́. Kí ó jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ àti abẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Pupa ẹlòmíràn ń fà sí àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ti ẹlòmíràn ń fà sí àwọ̀ inú obì pupa. Ọ̀pọ̀ apọ́nbéporé wa ló wà ní ìhà àkọ́kọ́. Àtíkè tó bá ní àwọ̀ oyin tàbí àwọ̀ idẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ni yóò bá wọn mu. Ẹni tó bá wà ní ìhà kejì yóò wá èyí tó jọ kòkó tí a bu wàrà sí dáadáa, tí kò sì ní pupa púpọ̀ nínú.

Ohun kejì ni ìwọ̀n. Kí àtíkè náà fi ìpele kan tàbí méjì ṣókùnkùn ju awọ lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹni náà bá pupa gan-an, ìpele kan tó. Èyí tó bá fi púpọ̀ ṣókùnkùn jù ú lọ yóò dà bí ìdọ̀tí lára rẹ̀, kì yóò dà bí oòrùn.

Ohun kẹta ni kí ó sá fún àṣìṣe méjì tó wọ́pọ̀. Èkínní ni àtíkè tó fà sí àwọ̀ ọsàn. Nínú ike, ó lè jọjú. Lára ẹni pupa, bí epo tó dà sí aṣọ funfun ni yóò rí. Èkejì ni àtíkè tó fà sí àwọ̀ eérú. Ìyẹn kì í ṣe àtíkè oòrùn rárá: contouring ni wọ́n ń fi ṣe, ìyẹn ni pé òjìji ni wọ́n ń fi dá sójú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè dà bí ẹni pé ó tín-ín-rín. Oòrùn a máa mú ojú móoru, òjìji a sì máa mú un tutù. Ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì yóò dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Ohun kẹrin ni dídán. Àtíkè kan wà tó ń dán yanranyanran, òmíràn wà tí kò dán. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí ooru ti ń mú kí ara máa ṣomi láti òwúrọ̀, èyí tí kò dán ló dára jù fún ojú ní ọ̀sán. Èyí tó ń dán a máa fi irorẹ́ hàn. Kí a fi í sílẹ̀ fún èjìká ní òru ìgbéyàwó. Bákan náà, ẹni tí ojú rẹ̀ lóròóró yóò yan ti àtíkè. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, lè yan ti ìpara.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò. Kí a má dán an wò sẹ́yìn ọwọ́, nítorí àwọ̀ ọwọ́ kì í sábà bá ti ojú dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n ni kí a fi í sí, kí a sì jáde kúrò lábẹ́ iná ìsọ̀ lọ sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kí a tó sanwó. Kí a má sì lo búrọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ènìyàn ti fi kan ojú, nítorí àrùn ojú àti ti awọ a máa gba ibẹ̀ ràn. Òwú mímọ́ tàbí ìka tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tó.

Ní ìkẹyìn, kí a ka ara páálí. Àwa tí a mọ Faransé kà kò ní àwáwí. Kí a wo orúkọ ẹni tó ṣe é, àwọn èròjà rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Àwòrán ike kékeré kan tó ṣí ìdérí, tí a kọ 12M sínú rẹ̀, túmọ̀ sí pé oṣù 12 ni a lè lò ó lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Ohunkóhun tí kò bá ní orúkọ tàbí èròjà lára, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú kì í ṣe ibi tí a ti ń dán ohun tí a kò mọ̀ wò.

Bí a ṣe ń lò ó

Kí a fọ ojú, kí a fi ìpara tó ń mú awọ rọ̀ sí i, kí a sì fi èyí tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn tẹ̀ lé e bí ó bá jẹ́ ọ̀sán. Kí a ní sùúrù kí ìwọ̀nyí mu sára. Bí a bá fi àtíkè sí ojú tó ṣì tutù, yóò lẹ̀ mọ́ ojú kan, kì yóò sì ṣe é pín mọ́. Ẹni tó bá ń lo fond de teint yóò fi í sí kí ó tó kan àtíkè aláwọ̀ idẹ.

Búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ díẹ̀, tí irun rẹ̀ rọ̀ tó sì pọ̀, ni a ń lò. Kí a fi orí rẹ̀ kan àtíkè náà, kí a sì gbọ̀n ọ́n kí èyí tó pọ̀ jù jábọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ó rọrùn láti fi kún un, ó sì ṣòro láti dín in kù.

Ibi tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ kàn lójú ẹni tó lọ sóko láìdé fìlà ni kí a fi í sí. Bẹ̀rẹ̀ láti etí irun níwájú orí, sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀bátí, yà sí abẹ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, padà sẹ́yìn, kí o sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n. Bí a bá wò ó dáadáa, bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 3 sí ẹ̀gbẹ́ ojú ni. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí 3 náà kọjú sí òdìkejì. Ohun tó bá ṣẹ́kù lórí búrọ́ọ̀ṣì, fi í kan igi imú fẹ́ẹ́rẹ́ àti orí àgbọ̀n. Má ṣe fi í sí abẹ́ ẹyinjú, nítorí yóò jẹ́ kí o dà bí ẹni tí kò sùn.

Iṣẹ́ tó kù ló ṣe pàtàkì jù. Máa yí búrọ́ọ̀ṣì náà roboto, láìtẹ̀ ẹ́, títí tí etí àwọ̀ náà yóò fi pòórá. Kí ẹnikẹ́ni má lè tọ́ka sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí. Fà á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ọrùn, kí ojú má baà jẹ́ ti ẹnì kan, kí ọrùn jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, má ṣe fi omi nù ún. Gbọ̀n búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́, kí o sì fi òun nìkan pa á kiri, tàbí kí o bu àtíkè tó bá awọ rẹ dọ́gba lé e. Lẹ́yìn náà ni kí o gbé dígí lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí o wo ojú rẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ ẹ̀kọ́ yìí láti ìgbà pípẹ́. Àwọ̀ tó le ni wọ́n fi ń kun igi, nítorí pé agbo ńlá ni yóò wò ó, láti òkèèrè. Ojú ènìyàn kì í ṣe igi. Láti itòsí ni ọ̀rẹ́, òbí àti olùkọ́ ti ń wò ó. Kí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ ju ti igi lọ.

Ní alẹ́, kí a fi òróró díẹ̀ tú u, kí a sì fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́. Kí a má sùn pẹ̀lú rẹ̀. Kí a máa fọ búrọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì sá a kó gbẹ.

Ohun tí àtíkè kò lè bò

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan ń ra àtíkè aláwọ̀ idẹ nítorí pé ìpara bíbóra ti sọ ojú wọn di àbùlẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, ẹ̀bátí dúdú, oríkèé ìka ọwọ́ dúdú kirikiri. Bojou ni wọ́n ń pe bíbóra ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, akonti ni ní Tógò. Ohun tó sábà máa ń wà nínú àwọn ìpara náà ni hydroquinone, mercure, tàbí corticoïde alágbára tí dókítà nìkan ló yẹ kó fún ènìyàn. Hydroquinone ń dá iṣẹ́ mélanine dúró, èyí tó ń fún awọ ní àwọ̀, tó sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Corticoïde ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà, débi pé egbò kì í tètè jinná, tí ó sì lè ṣòro fún oníṣẹ́ abẹ láti rán an. Mercure ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú oyún.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń rà kò gbà á láyè nílé tiwọn. Láti ọdún 2001 ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ka hydroquinone léèwọ̀ nínú ìpara tí a fi ń mú awọ mọ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní ọdún 2013 sì dojú kọ mercure tí wọ́n ń fi sínú ìpara. Síbẹ̀, a ṣì ń rí wọn lórí àtẹ.

Àtíkè lè bo àbùlẹ̀ náà fún wákàtí díẹ̀. Kò lè wò ó sàn. Ẹni tó bá ti ń lo corticoïde pẹ́, kí ó má ṣe jáwọ́ lójijì láìsọ fún dókítà, nítorí awọ lè bínú kó sì wú. Kí ó lọ rí dókítà awọ, kí ó mú ìpara náà dání, kí ó má sì tijú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìpara mìíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ ni oògùn ìpara.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn ará wa tí wọ́n jẹ́ àfín. Ọ̀ṣọ́ tọ́ sí wọn bí ó ti tọ́ sí gbogbo ènìyàn, àtíkè tó fúyẹ́ jù lọ, tó ní àwọ̀ oyin, sì lè yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan wọ́n jẹ pé àwọ̀ yìí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ oòrùn. Mélanine tiwọn kò tó nǹkan. Fìlà tó ní etí gbòòrò, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìpara ìdáàbòbò tí wọ́n kọ 50 sí lára, àti dókítà tó ń yẹ awọ wọn wò déédéé ni ààbò wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fi ọmọ tó jẹ́ àfín jókòó sínú oòrùn ní àkókò eré ìdárayá ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀ṣọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kun osùn, ẹ lé tìróò, ẹ lo àtíkè aláwọ̀ idẹ bí ó bá wù yín. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá omi yóò lè fọ̀ ọ́ kúrò lálẹ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀ṣọ́ ni. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé yóò yí awọ yín padà láàárín ọjọ́ méje, ẹ dá a padà sórí àtẹ, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ tó bá yín wá. Bí ẹ bá sì rí ọmọbìnrin tó pupa, ẹ má ṣe bi í léèrè ìpara tó ń lò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú ìyá ìyá rẹ̀ ni ẹ ń wò.